Ọkọ̀ Ojú-Ayé Dókítà Breitschwert

Bí ẹni tó ga bá tún wọ bàtà gíga lé e, kó má bínú sí àwọn tó wà nísàlẹ̀ bí wọ́n bá ń wo ihò imú rẹ̀.

Ihò imú Dókítà Ottokar Breitschwert ni gbogbo wa ń wò ní ìlú Oberlohe fún ọdún mẹ́rìnlá gbáko. Òun ni ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Lohengau. Bí kò bá sí ilé iṣẹ́ yìí, Oberlohe kò ju ṣọ́ọ̀ṣì kan, odò kan àti màlúù mélòó kan lọ. Nínú ilé márùn-ún tí ẹ bá kan ilẹ̀kùn wọn, mẹ́ta ló ń ti ibẹ̀ jẹun. Nítorí náà, bí Dókítà bá sín, odindi ìlú a ní, "Àlàáfíà ara o!" Bí kò bá sì sín, wọ́n a máa bi ara wọn pé kí ló dé tí kò sín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín. Ìwé ńlá kan tó kọ ní yunifásítì lórí bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣe ń dún nígbà tí wọ́n bá tì í ló fi gba oyè Dókítà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ìwé náà nípọn ju búrẹ́dì lọ. Ó fẹ́ràn oyè yìí débi pé Hedda, ìyàwó tó fẹ́ nílé, kì í pe orúkọ rẹ̀ níwájú àlejò. "Dókítà, ọbẹ̀ ń tutù," ni obìnrin náà máa ń wí.

Lífìtì kan wà ní ilé iṣẹ́ náà tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó wọ inú rẹ̀, ó gbóòórùn lọ́fínńdà ẹlòmíràn, ìwádìí sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń gbóòórùn ọrùn àwọn akọ̀wé lọ́kọ̀ọ̀kan. Gègé tó ń kọ àwọ̀ ewé náà wà, tirẹ̀ nìkan nìyẹn pẹ̀lú. Ẹni kankan kò gbọdọ̀ fi àwọ̀ ewé kọ nǹkan ní Lohengau. Alásè kan ṣèèṣì fi í kọ orúkọ oúnjẹ ọ̀sán sára pátákó. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti gbé e lọ síbi tí wọ́n ń kó táyà sí, kó lọ máa se oúnjẹ fún táyà.

Bí ọ̀gá bá rí báyìí, ẹ mọ irú àwọn tí yóò yí i ká. Olórí wọn ni Detlef Pohlmeier, agbẹnusọ ilé iṣẹ́. Iṣẹ́ Pohlmeier ni kó máa rẹ́rìn-ín kí ẹ̀fẹ̀ Dókítà tó parí. Ó mọ iṣẹ́ yìí dójú àmì. Nígbà mìíràn, Dókítà kò tíì mọ̀ pé òun fẹ́ ṣe ẹ̀fẹ̀ tí Pohlmeier á ti di ìdí mú lórí àga.

Lọ́dún kan, Dókítà pe àwọn àgbà ilé iṣẹ́ jọ. Wọ́n dìde dúró, nítorí kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ jókòó kó tó jókòó.

"Èmi Ottokar Breitschwert," ni ó wí, "mo wo ayé, mo rí i pé ó dọ̀tí. Mo wo òkè ọ̀run, mo rí i pé ibẹ̀ náà ń fẹ́ àmójútó. Mo wá bi ara mi pé, 'Ottokar, ta ni yóò gbá a mọ́?' Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Kò sí ẹnì kan."

"Kò sí o!" ni Pohlmeier wí, omi sì ti lé ròrò sí i lójú.

"Nítorí náà, a óò ṣe ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì kan tí èéfín rẹ̀ yóò mọ́ ju afẹ́fẹ́ tó wọ inú rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá wà á kọjá nínú ìlú ti gbálẹ̀ ìlú nìyẹn. Tau ni a óò máa pè é."

Tau, lédè wa níbẹ̀, ni ìrì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ìrì fún ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Obìnrin kan wà láàárín wọn tí kò pàtẹ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Roswitha Harms ni orúkọ rẹ̀. Òun ni olórí gbọ̀ngàn ẹ́ńjìnnì, ẹni àádọ́ta ọdún, a máa fi lẹ́ẹ̀dì há irun lẹ́yìn etí. Òun ló mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì a máa tú afẹ́fẹ́ olóró kan síta tí ojú kò rí, tó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Oògùn olómi kan ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ kó tó jáde, àgbá oògùn náà sì gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, ó mú ìwé rẹ̀ wá.

"Dókítà," ni ó wí, "àgbá oògùn Tau gbọ́dọ̀ gba lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Abẹ́ bọ́ọ̀tù ni a óò gbé e sí."

"Lábẹ́ bọ́ọ̀tù?" Dókítà gbé ojú sókè. "Wotan ńkọ́?"

Wotan ni ajá ọdẹ Dókítà, ó tóbi bí ọmọ màlúù. Wọ́n ní kí wọ́n lọ mú ajá wá. Wọ́n mú un wá, wọ́n gbé e sínú bọ́ọ̀tù tí wọ́n fi pákó ṣe, àwọn àgbàlagbà méjìlá tí wọ́n wọ kóòtù sì yí i ká, wọ́n ń wo bó ṣe ń sùn. Ìdajì ìrù rẹ̀ yọ síta.

"Ìrù ọlọ́lá nìyẹn," ni Pohlmeier wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Kò yẹ kí a ká a kò."

Bí wọ́n ṣe gé àgbá oògùn kù sí lítà mẹ́jọ nìyẹn, nítorí ìrù ajá. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo mọ̀ pé ẹ rò pé mò ń bù mọ́ ọn. Wọ́n kà á sókè ní kóòtù nígbà tó yá, adájọ́ sì ní kí wọ́n tún un kà, nítorí òun náà kò gba etí rẹ̀ gbọ́.

"Dókítà, pẹ̀lú lítà mẹ́jọ, kò ṣeé ṣe," ni Màdáámù Harms wí. "Bí ọkọ̀ bá ń lo oògùn bó ṣe yẹ, oògùn á tán kí oṣù méjì tó pé. Bí kò bá sì lò ó, oró ni àwọn èèyàn á máa mí símú."

Dókítà na ọwọ́, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yọ gègé. Ó fi àwọ̀ ewé kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ ìwé: *Nínú ilé yìí kò sí "kò ṣeé ṣe". Ẹ ṣe é. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi bí ẹ ṣe ṣe é.* Ó buwọ́ lù ú. Ó wá dá ìwé padà fún obìnrin náà bí ẹni tó ń fi ẹ̀bùn ta èèyàn lọ́rẹ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú Màdáámù Harms kúrò ní gbọ̀ngàn ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ní kó máa tọ́jú àwọn ìwé kékeré tó ń wà nínú ọkọ̀, èyí tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń tan iná, tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Ó kó gíláàsì rẹ̀, ó kó lẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó sì kó ìwé aláwọ̀ ewé yẹn sínú àpò.

Àwọn tó kù ní gbọ̀ngàn ẹ́ńjìnnì wá ṣe é. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é. Ẹ mọ ọkọ tí kì í fọ abọ́ àfi bí ìyá ìyàwó rẹ̀ bá wá kí wọn? Tí àna bá ti wọlé báyìí, ó ti ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, ó ń kọrin nídìí omi. Àna ò ní tíì dé òpópónà tó fi máa padà sórí àga. Irú ọgbọ́n yìí ni wọ́n kó sínú kọ̀ǹpútà Tau. Nígbà tí ìjọba bá fẹ́ dán ọkọ̀ wò, wọ́n a gbé e sórí irin rọ̀bọ̀tọ̀ tó ń yí lábẹ́ táyà. Ọkọ̀ á máa sáré lójú kan, ẹnikẹ́ni kì í sì yí sítíárìn. Kọ̀ǹpútà á wòye: táyà ń yí, sítíárìn kò mì. Háà, àna ti dé! Ló bá tú oògùn sílẹ̀ yàà, èéfín á mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá dé títì tí sítíárìn mì díẹ̀, kọ̀ǹpútà á di ìdí oògùn pa, a máa kán an ní ẹ̀kán-ẹ̀kán bí ahun tó ń bu epo fún àlejò.

Dókítà kò béèrè bí wọ́n ṣe ṣe é. Wọ́n kàn sọ fún un pé ó ti ṣeé ṣe. "Mo mọ̀," ni ó wí.

Wọ́n kó Tau jáde. Pohlmeier ló dá àṣà kan sílẹ̀: wọ́n so aṣọ ìnujú funfun mọ́ ẹnu sálẹ́ńsà, wọ́n tan ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n tú u, ó ṣì funfun báláú. Dókítà fi nu iwájú orí níwájú àwọn oníròyìn. Ìgbà tó fi máa di oṣù kejì, kò sí àgbà kan ní Lohengau tí kò ní aṣọ ìnujú sálẹ́ńsà tirẹ̀. Ọ̀gá tó ń ra táyà a máa fi tirẹ̀ nu ẹnu lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Wọ́n gbàgbé ohun kan: afẹ́fẹ́ olóró tí mo wí yẹn kò láwọ̀. Ẹ lè so aṣọ ìyàwó mọ́ ọn, kò ní dọ̀tí. Inú àyà èèyàn nìkan ni àbàwọ́n rẹ̀ ń wà.

Láyà Gesine Dehmel ló wà. Gesine àti ọkọ rẹ̀, Hinnerk, ń gbé ní Mühlenstraße, òpópónà tí gbogbo ọkọ̀ tó ń lọ sí ilé iṣẹ́ ń gbà. Ọdún mẹ́rin nìyí tí obìnrin náà ti ń wúkọ́. Hinnerk ni ìjọba fi jẹ agbálẹ̀ ihò èéfín fún àdúgbò wa: aṣọ dúdú, fìlà dúdú gíga, bọ́tìnnì wúrà méjì-méjì láyà. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni a ti gbà pé ẹni tó bá fọwọ́ kan bọ́tìnnì rẹ̀ láàárọ̀ á rí oríire, nítorí náà àwọn bọ́tìnnì yẹn ń dán ju ojú ọba lọ. Òun ló ń gun òrùlé wa láti gbá ihò tí èéfín ààrò ń gbà jáde, òun náà ló ń fi ẹ̀rọ kékeré kan wọn èéfín tó ń jáde nídìí ààrò ilé. Bí èéfín ilé rẹ bá burú, Hinnerk á ti ààrò rẹ pa, o lè máa gbọ̀n nínú òtútù. Kò mọ olówó, kò mọ tálákà.

Nítorí ikọ́ Gesine ló ṣe ra Tau. Ikọ́ kò sì lọ. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ìyàwó rẹ̀ bá a lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀.

"Hinnerk, kí lò ń fi imú ẹ̀rọ rẹ wá nídìí ọkọ̀?"

"Mo fẹ́ mọ ohun tó jẹ ni."

"Àwọn aládùúgbò ń wò ọ́ o."

"Jẹ́ kí wọ́n wò. Wọlé sẹ́yìn, kó o máa ka nọ́ńbà fún mi."

Ó fi okùn di imú ẹ̀rọ náà mọ́ sálẹ́ńsà, ó wa ọkọ̀ jáde. Òfin ní ìwọ̀n oró kò gbọdọ̀ kọjá ọgọ́rin.

"Irínwó," ni Gesine wí láti ẹ̀yìn.

"Kà á dáadáa, ìyá."

"Mo wọ gíláàsì! Ìwọ ni kó o wo iwájú. Ó ti di ẹgbẹ̀ta."

Hinnerk dá ọkọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ó wí pé, "Ká ní ihò èéfín ilé ni, ǹ bá ti fi símẹ́ńtì dí i."

Ó kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́. Pohlmeier dá a lóhùn: "Inú wa dùn pé ẹ fẹ́ràn ọkọ̀ wa. Ọkọ̀ kì í ṣe ilé, Ọ̀gbẹ́ni Dehmel, ẹ fi ara yín sórí òrùlé níbi tí Ọlọ́run fi yín sí." Hinnerk tún kọ. Ó kọ ọ́ nígbà mẹ́fà. Lẹ́tà keje, ó fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn ìlú, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sójú ewé kìíní.

Dókítà kà á lórí tábìlì oúnjẹ àárọ̀, ẹyin bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Agbálẹ̀!" ni ó kígbe. "Ẹni tí ojú rẹ̀ dúdú fún eérú ló ń pè mí ní onídọ̀tí?"

"Ìwọ̀sí gbáà ni," ni Pohlmeier wí lórí fóònù.

"Ọjọ́ tí a bá ń ṣe àjọ̀dún ọgọ́rin ọdún Lohengau, níwájú mínísítà, níwájú gbogbo ìlú, kó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá. Ìtìjú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí gbogbo ayé fi jẹ búrẹ́dì."

"Dókítà, a óò so makirofóònù mọ́ ọn lọ́rùn," ni Pohlmeier wí, "kí gbogbo ọjà lè gbọ́ nígbà tó bá ń ka nọ́ńbà àbùkù ara rẹ̀."

Ọgbọ́n Pohlmeier gan-an nìyí. Ẹ má gbàgbé.

Ọjọ́ pé. Ojú ọjà Oberlohe kún dẹ́múdẹ́mú. Àwọn onífèrè ń fọn fèrè bàbà, Ilse Mombauer ń yan sọ́séèjì lórí ẹyin iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ orísun omi, bíà ń hó. Wọ́n gbé Tau funfun kan sórí irin tó ń yí. Hinnerk dé pẹ̀lú fìlà gíga rẹ̀, Gesine wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ bo ẹnu wúkọ́.

Wọ́n tan ọkọ̀. Táyà yí. Hinnerk tẹ imú ẹ̀rọ bọ sálẹ́ńsà, ohùn rẹ̀ sì dún nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn: "Mẹ́rìnlá."

Ọjà bú sẹ́rìn-ín. "Padà sórí òrùlé, Hinnerk!" ni ẹnì kan pariwo. Dókítà na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gbá gbogbo ìlú mọ́ra.

"Ẹ̀yin ará Oberlohe! Ìlara ní ẹsẹ̀ kúkúrú, ṣùgbọ́n òtítọ́ ní táyà mẹ́rin!"

Hinnerk dúró kí ẹ̀rín ó rọlẹ̀. Ó tẹ fìlà rẹ̀ mọ́ orí, mo rí i, nítorí mi ò jìnnà síbẹ̀. "Dókítà," ni ó wí, "ọkọ̀ yín ń sáré, kò sì lọ síbì kankan. Èmi kì í gbé ojú kan. Ẹ jẹ́ ká wà á yí ọjà po."

Ẹ̀rín mìíràn tún sọ, ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn yìí ti yí ìdí padà. Mínísítà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti ń wo aago, gbé orí sókè. "Ìyẹn náà bọ́gbọ́n mu," ni ó wí.

"Wà á yí ọjà po?" Dókítà na àyà. "Èmi fúnra mi ni mo máa wà á!"

Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ márùn-ún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle tí wọ́n mọ ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà. Èkíní wo ojú èkejì, èkejì wo ojú ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹta wo bàtà ara rẹ̀. Pohlmeier rí ojú wọn, ó ṣí ẹnu, ó rántí pé òun kò sọ "rárá" fún ọkùnrin yìí rí, ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ó pa ẹnu dé.

Roswitha Harms nìkan ló la àárín èrò kọjá. Lóòótọ́ ni ó kórìíra ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní gbọ̀ngàn ẹ́ńjìnnì, ó sì rò ó pé bí wọ́n bá jẹ́wọ́ ní ìrọ̀rùn, bóyá iṣẹ́ àwọn yẹn kò ní bá a lọ.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wà á."

"Ta nìyí?"

"Roswitha Harms. Ẹ gbọ́ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọkọ̀ yẹn..."

"Obìnrin oníwèé ìkọ́ni-bí-wọ́n-ṣe-ń-taná! Mo ti ní kẹ́nikẹ́ni má sọ fún mi!"

"Ó dáa," ni Màdáámù Harms wí. Ó kúrò lọ́nà.

Ọdún mọ́kànlá nìyí tí Dókítà ti wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ́ńjìnnì kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Mínísítà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di okùn àyà mú tọwọ́tọwọ́. Hinnerk ti fi okùn di imú ẹ̀rọ mọ́ sálẹ́ńsà, ó wà lẹ́yìn, makirofóònù sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọkọ̀ fò síwájú bí ọ̀pọ̀lọ́.

"Mẹ́rìnlá," ni ohùn Hinnerk wí lókè ọjà.

Wọ́n dé ilé búrẹ́dì. Dókítà yí sítíárìn.

"Ogójì. Ọgọ́rùn-ún. Igba."

Àwọn onífèrè gbé fèrè kúrò lẹ́nu.

"Irínwó. Ẹgbẹ̀ta."

"Pa ẹ̀rọ burúkú yẹn!" Ohùn Dókítà náà ń bọ́ sínú makirofóònù.

"Ẹ wo iwájú, Dókítà, ọmọ ń sọdá. Ẹgbẹ̀rin. Ẹgbẹ̀rún kan. A ti dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì báyìí: ẹgbẹ̀fà."

Ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ohun tí òfin gbà. Ẹ lè gbọ́ bí ọ̀rá sọ́séèjì ṣe ń ta sínú iná. Dókítà sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n bí tòmátì.

"Ẹ̀rọ rẹ̀ ti bàjẹ́! Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ bọ ibikíbi, irọ́ ni yóò pa!"

"Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ ẹ́ bọ ibikíbi, nígbà náà," ni mínísítà wí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó nawọ́ sí ààrò Ilse.

"Ẹ má jẹ́ kí irin yẹn kan sọ́séèjì mi o!" ni Ilse kígbe.

Hinnerk gbé imú ẹ̀rọ sókè èéfín ààrò náà. Ó wò ó. Ó nu gíláàsì, ó tún un wò.

"Ogún," ni ó wí.

Ilse Mombauer gbé àmúga sókè. "Lohengau, ẹ gbọ́ o! Ààrò mi mọ́ ju Tau lọ! Táyà nìkan ló kù tí mo máa bá a rà!"

Ẹ̀rín tó sọ lọ́jọ́ náà, kò rọlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó dé olú ìlú, ó sọdá òkun. Àwọn ilẹ̀ òkèèrè gbé Tau tiwọn sójú títì, wọ́n wọ̀n ọ́n, bákan náà ló rí. Ní ọjọ́ Ajé, àwọn ọlọ́pàá ti ń kó páálí ìwé jáde ní ilé iṣẹ́.

Dókítà bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n. Ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì. "Àwọn ọ̀dàlẹ̀ mélòó kan," ni ó wí, "ló fi òkùnkùn bo ìmọ́lẹ̀ ayé mi. Èmi ni a kọ́kọ́ dà. Èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó fara gbọgbẹ́." Wọ́n bi í pé ta ni olórí àwọn ọ̀dàlẹ̀ náà. Ó ronú, orúkọ kan ṣoṣo ló sì rántí: "Obìnrin kan tó ń jẹ́ Harms."

Lọ́jọ́ kejì, Màdáámù Harms rìn wọ àgọ́ ọlọ́pàá, ó gbé ìwé kan lé tábìlì. Ọlọ́pàá wo àwọ̀ ewé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bi aṣọ́nà Lohengau pé ta ló ń lo irú tàdáwà yìí. Aṣọ́nà dáhùn, alásè dáhùn, ẹni tó ń nu fèrèsé náà dáhùn. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Pohlmeier pàápàá jẹ́rìí. Ọkùnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín kí ẹ̀fẹ̀ tó parí, ó ń sunkún kí ìbéèrè tó parí.

Àwọn àgbà ilé iṣẹ́ yọ Dókítà nípò. Nígbà tó ń lọ, lífìtì rẹ̀ kọ̀, wọ́n ti gba káàdì rẹ̀. Àtẹ̀gùn àjà mẹ́sàn-án ló fi ẹsẹ̀ sọ̀, ní àjà kọ̀ọ̀kan sì ni àwọn akọ̀wé ti dúró, wọn kò pàtẹ́wọ́.

Ní kóòtù, adájọ́ bi í pé, "Ṣé ẹ mọ ohun tó wà nínú ọkọ̀ náà?"

"Olúwa mi, n kò mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ kò mọ̀?"

"Mo ní kí wọ́n má sọ fún mi."

"Ó túmọ̀ sí pé ẹ mọ ohun tí ẹ kò fẹ́ mọ̀," ni adájọ́ wí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dá a lẹ́wọ̀n ọdún méjì, ó so ó rọ̀ sí i lọ́rùn: bó bá tún ṣẹ̀, á wọlé. Wọ́n gba owó ìtanràn tó pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mọ́tò ọ̀gá àti awakọ̀ rẹ̀ ti lọ ṣáájú.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé òun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà bá. Bí erin bá ṣubú, koríko tó wà lábẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ti gbọ̀ngàn ẹ́ńjìnnì pa, ó lé ní ẹgbẹ̀ta èèyàn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìlú fi òfin dí Mühlenstraße mọ́ ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì, Hinnerk fúnra rẹ̀ kò lè wa Tau rẹ̀ délé mọ́, ẹ̀yìn odò ló ń gbé e sí tí á fi ẹsẹ̀ rìn. Àwọn kan kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́. "Ìwọ lo gba oúnjẹ lẹ́nu wa," ni obìnrin kan sọ fún un níwájú ilé búrẹ́dì. Ó bọ́ fìlà. "Mo mọ̀ pé ó dùn yín," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ wá gbọ́ bí Gesine ṣe ń sùn." Obìnrin náà kò wá. Gesine ń sùn, ní tòótọ́, láìwúkọ́. Màdáámù Harms ni wọ́n pè padà, pé kó wá tún gbogbo Tau tó ti jáde ṣe. Ó fi àgbá lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí wọn. Ó mú díẹ̀ nínú àwọn ará gbọ̀ngàn padà síbi iṣẹ́, kò rí àyè fún gbogbo wọn.

Jochen Tewes wà lára àwọn tí kò rí àyè. Ọdún méjìlélógún ló lò nídìí iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ó ta ilé rẹ̀, ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bọ́ọ̀sì ìlú, ní ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kọkànlá tí òjò ń rọ̀, Jochen dúró ní ibùdókọ̀ kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí àwọn ilé ńláńlá wà. Ilẹ̀kùn ṣí. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù olówó ńlá dúró nísàlẹ̀, kò wọlé. Ó dà bí ẹni tó ń retí pé kí ẹnì kan sọ̀ kalẹ̀ wá di ilẹ̀kùn mú fún un.

"Ṣé ẹ ń bọ̀ ni àbí ẹ ń wòran?" ni Jochen wí.

Ọkùnrin náà gun àtẹ̀gùn, òjò ń kán ní etí rẹ̀. "Èmi ni Dókítà Breitschwert."

"Mo mọ̀ yín."

"Ẹ mọ̀ mí?"

"Gbọ̀ngàn ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ẹ ń gbà kọjá ni mo dúró sí fún ọdún mẹ́rìnlá. Ẹ ti fi bàtà tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ rí."

Èmi náà wà lára àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì. Ẹnì kan pa ìwé ìròyìn dé láti gbọ́ dáadáa. Dókítà wo ẹ̀yìn, ilẹ̀kùn ti tì. Ó ṣí ẹnu, a sì mọ bí ẹnu yẹn ṣe máa ń sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn ti ń múra fún ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì.

"Kí ni orúkọ yín?" ni ó béèrè.

"Tewes. Jochen Tewes."

"Ọ̀gbẹ́ni Tewes." Ó pe orúkọ náà díẹ̀díẹ̀, bí aláìsàn tó ń tọ́ oúnjẹ àkọ́kọ́ wò. "Ẹ káàárọ̀."

Jochen wo ojú títì níwájú rẹ̀. Ohun tó lè fi dá a lóhùn pọ̀. Ilé tó tà wà níbẹ̀, ọdún méjìlélógún wà níbẹ̀. Ó gbé wọn mì lọ́kọ̀ọ̀kan. Wáípà tó ń nu òjò lójú gíláàsì lọ, ó bọ̀, lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ẹ káàárọ̀," ni ó wí. "Ẹ di irin yẹn mú dáadáa. Ọkọ̀ yìí máa ń mi."

Kò sẹ́ni tó dìde fún un. Ó di irin mú, ó dúró láàárín wa, bọ́ọ̀sì sì gbéra.